Èékánná Àyálò

Ọjọ́bọ̀ tí owó ìfẹ̀yìntì wọlé,
n ò ra aṣọ, n ò ya ilé ẹnikẹ́ni.
Mo sọ̀ kalẹ̀ láti Òkèṣà, ó di Ẹ̀rẹ̀jà,
ẹ̀yìn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́,
níbi tí Fápohùndà kó ohun èlò orin jọ sí
bí ẹni kó aláìsàn sí wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo:
dùùrù tí eyín rẹ̀ ti ká, fèrè tí kò lè mí mọ́,
àti òun, mandolíìnì,
ikùn rẹ̀ yọ bí ìbẹ́pẹ tí a là sí méjì,
okùn mẹ́jọ lọ́rùn, ìbejì mẹ́rin
tí Táíwò kì í gbọ́ ti Kẹ́hìndé.

"Ṣé ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?"
Mo ní èmi ni.
Ó wo irun mi. Ó wo bàtà mi. Ó nu eruku.

N ò mọ bí wọ́n ti ń yan mandolíìnì,
ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ti ń yẹ ara wò.
Mo fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀, mo dẹtí.
Mo wò ó bóyá ọrùn rẹ̀ wọ́.
Ojú ọgbẹ́ kan wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀,
gọ́ọ̀mù ti dì í; ó ti jinná, kò kẹ̀.
"Ọ̀kẹ́ méjì. Ẹ san ìdajì, ìyókù di oṣù tó ń bọ̀.
Àmọ́ ọmọ òṣómàáló ni mí o."
"Èmi náà," mo ní. "Mo mọ bí wọ́n ti ń lóṣòó."

Ó da píìkì sórí àwo tíì.
Ìyẹn yé mi kíá: abẹ́rẹ́ ni.
Ti ìkókó kì í ṣe ti àgbàlagbà.
Èyí tó fẹ́lẹ́, ọmọrí bọ́tà ni wọ́n gé e lára,
ó ń tẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.
Èyí tó nípọn, mo fi kan okùn,
okùn ké bí ọkùnrin gìrìpá tó rí sírínjì.
Mo dá a padà.
Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí obì,
igun rẹ̀ kan ti jẹ lọ; ọwọ́ ẹlòmíràn ti gbé ibẹ̀.
N ò bèèrè ta ni.
Ó jókòó sí àárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá mi
bí èékánná tí mo ti yá ẹnìkan, tó wá dá a padà.
"Ẹ fi ìyẹn ṣe ènì," ni Fápohùndà wí.

Iná lọ nírọ̀lẹ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Mo ta á. Gín-ìn. Mo tún ta á.
Ìyá Dúrójayé pariwo láti ojúlé kejì:
"Ta ló ń ha ìdí ìkòkò lálẹ́ yìí?"
N ò dáhùn. Mo ń wá ibi tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀,
wáyà ń jẹ orí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní Wẹ́sílì,
mo gún apá, mo gún ìdí,
ìkókó, olóyè, olè tí ọlọ́pàá gbé wá,
mo ń wí fún gbogbo wọn pé,
"Ẹ farabalẹ̀, kò ní dùn yín."

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ foríjì mí.
Ó ń dùn mí.
Ó sì ń dùn.