Ẹkẹ́, Kì í Ṣe Èké

Ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án ló ga lórí àpáta.
Ìtòkò kì í fún èèyàn ní ìpìlẹ̀ jíjìn:
ṣọ́bìrì wọlẹ̀ ní ìka mẹ́rin, ó ní "kọ́ń!"
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láti ògiri dé ògiri.
Ọwọ́ mi ló po yanrìn, ọwọ́ mi ló tò ó,
ọwọ́ tó fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí ní Ìjàyè.
Ó wọ́ díẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn.
Mo mọ̀. Ẹ má wò ó.

Òrùlé ló kù.

Mo ká téèpù aláṣọ sápò,
èyí tí mo fi ń wọn ikùn aboyún nígbà náà,
mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Láfẹnwá.
Sọ́míìlì ń han, ìyẹ̀fun igi ń bọ́ síni lójú.
Kúforíjì ní, "Màmá, tú-báì-tíríì ló ń lọ báyìí,
gbogbo ayé ló ń rà á."
Mo ní, ṣé gbogbo ayé ló ń bo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá?
Ó rẹ́rìn-ín, ó fa tú-báì-fọ́ọ̀ yọ.
Mo na téèpù sí i:
íńṣì kan àtààbọ̀, íńṣì mẹ́ta ó lé díẹ̀.
Mo tún un wọ̀n.
"Ọmọ mi, ọmọ oṣù méje nìyí, o ní oṣù rẹ̀ ti pé.
Ẹkẹ́ ni mo wá rà,
èké lo kó síwájú mi."
Ó ní ẹnu ayùn ló jẹ ìyókù.
Mo ní kí ayùn wá san owó ibi tó jẹ.

Lámídì jórinjórin ló sìn mí wá, ẹni tí àga ń bẹ̀rù.
Mo ní kó jókòó sáàárín pákó kan
tí a gbé lé búlọ́ọ̀kù méjì, ẹsẹ̀ mẹ́wàá síra wọn.
Mo ta okùn láti orí dé ìdí.
Pákó sùn gbalaja, ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó,
ìka mẹ́ta ló fi jìnnà sí okùn.
Àwọn alápákó ti ń kó ẹ̀rín jọ.
Mo ní, ẹ yí i. Ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́,
kí ọmọ méjì dì í mú kó má yí dànù.
Pákó kan náà,
Lámídì kan náà, ó tiẹ̀ ti jẹ mọ́ín-mọ́ín sí i.
Okùn àti igi fẹnu konu.

Gíga ló ń rù ú, kì í ṣe fífẹ̀.
Ẹni tó dùbúlẹ̀ kì í gbẹ́rù.

Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìkán fẹ́ràn rẹ̀ bí àkàrà.
Apá le, owó ìfẹ̀yìntì mi kò sì tó ẹ̀ka rẹ̀.
Mo mú àfàrà gbígbẹ, tú-báì-síìsì,
tó pé íńṣì mẹ́fà lábẹ́ téèpù. Mẹ́fà péré, ẹsẹ̀ méjì méjì síra.
Bàbá Ṣówándé káfíńtà ní mo ń fowó ṣòfò,
pé páánù kò wúwo ju ìyẹ́ lọ.
Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, ìjì àkọ́rọ̀ òjò
ṣí òrùlé Ìyá Ọláìtán, ó gbé e tìṣótìṣó
sọ sínú ọgbà iléèwé.
Kì í ṣe ohun tó ń tẹ igi nìkan ni ká wọ̀n,
ohun tó fẹ́ gbé e lọ náà wà níbẹ̀.
Mo ri irin sínú búlọ́ọ̀kù òkè,
mo fi so ẹkẹ́ kọ̀ọ̀kan bí a ti ń so ìwọ́.

Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ kó síbẹ̀.
Báàrọ̀, àdá, àpò ajílẹ̀.
Àti Súsúkì bàbá Fẹ́hìntọlá,
tí kò dáhùn láti ọdún mẹ́fà.
Táyà rẹ̀ ti rọ̀. N kò tà á.

Òjò rọ̀ lálẹ́ àná.
Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ta okùn sábẹ́ ẹkẹ́ kẹta.
Kò tẹ̀.
Lápá ìwọ̀ oòrùn, níbi tó wọ́,
omi ń kán, tó, tó, sórí ìjókòó alùpùpù.
Mo gbé garawa sí i.
Ó di ọ̀la.