Ẹni Tó Kọ Ọ́

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo máa ń jókòó,
tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́, ìwé eré lórí itan.
Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa ṣọ́ ẹnu ẹlẹ́nu:
bí ọ̀rọ̀ bá já bọ́, kí n he é, kí n jù ú padà
jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí àwọn tó sanwó má gbọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní tíátà etí òkun ní Scarborough.

Ibẹ̀ ni Alwyn Pargeter ti bá mi,
ọmọ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Barrow,
ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ṣòkòtò rẹ̀ lọ.
Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fún un lọ́dún náà:
“Ọkọ̀ yín ti dé.”
Ó ń wí i ní bàlúwẹ̀, ó ń wí i fún àwọn ẹyẹ òkun,
bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń dúró de ọkọ̀ ọ̀hún.

Ó di Lọ́ńdọ̀nù. Ó di tẹlifíṣọ̀n.
Òkú ló kọ́kọ́ ṣe: ó sùn sínú yìnyín ní Leeds,
ọlọ́pàá fi bàtà tẹ ìka rẹ̀, kò mira.
Wọ́n ní òkú yìí mà mọṣẹ́ o!
Ni wọ́n bá jí i dìde, wọ́n sọ ọ́ di dókítà ẹranko,
ọdún mẹ́sàn-án gbáko, gbogbo alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.
Àwọn ìyá arúgbó ń dá a dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín:
“Dókítà, ológbò mi ò jẹun.”
A máa dá wọn lóhùn: “Ẹ fún un lómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”
Ìgbà tí owó rẹ̀ pọ̀ jù fún wọn,
wọ́n kọ tírélà kan sójú ìwé kejìlélógún,
tírélà sì gbá a.

Ó fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sunkún.
“Enid, gbólóhùn kan ṣoṣo ló pa mí.
Èmi náà á lọ gbé kálàmù.”

Irọ́ ni. Ó ti ń kọ tipẹ́,
lẹ́yìn rìsíìtì, nínú yàrá ìmúra tó ń rùn fún àtíkè,
nípa ìyá rẹ̀ tó ń nu àga sinimá,
tó ń ṣa yẹtí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó,
tó ń kó wọn sínú ìgò, tó ń retí olóhun.
Ilé eré mẹ́sàn-án kọ̀ ọ́. Àwa ni ìkẹwàá.

Alẹ́ kẹta, ohùn Crispin wọlẹ̀ pátápátá.
Alwyn wọ kóòtù rẹ̀, ó jáde.
Ó ń bá a bọ̀ dáadáa, títí ó fi dé ibi ìgò.
Dákẹ́.
Òun ló kọ ọ́, òun ló tún kọ́ ọ,
ọ̀rọ̀ kọ̀ ọ́.
Ó yíjú sí mi nínú òkùnkùn bí ọmọ tó sọ nù lọ́jà.

Ìka mi wà lórí ìlà náà. Mi ò mọ ohun tó dì mí lẹ́nu.
Obìnrin kan níwájú gbé ọwọ́ sí etí ara rẹ̀.
Ìgbà náà ni mo tó sọ ọ́: “Kò wọ ọ̀kan rí.”
Ó gbà á. Ó wí i. Ẹnìkan ń fọnmú.

Ìwé ìròyìn yin ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n ní ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni.
Alwyn rẹ́rìn-ín títí, ó mú pẹ́ńsù,
ó kọ ọ́ sínú ìwé mi: *Enid, má sọ nǹkan kan níbí.*