Ẹ̀yìn Tí Mo Kàn fún Ọkọ̀

Tọ́ọ̀nù márùn-ún ààbọ̀, ni Máfimísẹ̀bi wí,
ó sì jókòó sórí àpótí mi bí ẹni tó rù ú wá.
Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni, ọkọ̀ onígbòkun.
Òkun ti jẹ ojúde wọn, ó ti jẹ ilé ìdáná,
ó ti ń la ẹnu wo iyàrá tí wọ́n bí i sí.
"Bá mi kan nǹkan tí yóò jókòó lé.
Ondó níbí ni mo fẹ́ gbé e wá.
Òkun kò mọ ọ̀nà Ondó."

Èmi Akíndùró, bẹ́ẹ̀dì àti àga ni mo mọ̀ ọ́n kàn,
àti pósí, nígbà tí ọjà kò bá yá.
Wọ́n ní àwọn òyìnbó a máa tẹ́ ọmọ sínú àpótí tó ń mì.
Àwa, ẹ̀yìn ni.
Mo ní ó dáa, ẹ̀yìn ni màá kàn.

Mo bá a dé etí omi, lọ́hùn-ún nísàlẹ̀ Igbókọ̀dá.
Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí ẹran tó rẹ̀.
Mo gé páálí tẹlifíṣọ̀n,
mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níkùn, mo gé e, mo tún tẹ̀ ẹ́,
títí etí páálí fi di ìlà ikùn.
Ẹ̀gbẹ́ kejì wà nínú ẹrẹ̀.
Mo ní ṣebí méjèèjì dọ́gba.
Máfimísẹ̀bi rẹ́rìn-ín. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹkì ni mo fi ṣe ìtẹ́lẹ̀, ẹkì tó ń ká eyín ayùn;
ìdìgbò ni mo fi ṣe apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.
Tẹ́wọ́gbadé, ọmọ iṣẹ́ mi, ní apá yìí tín-ín-rín, ọ̀gá.
Mo ní wo ìyá tó pọnmọ:
ẹ̀yìn ló gbé ọmọ,
ọ̀já kàn ń wí fún un pé má yẹ̀ ni.
Egungun ìdí ọkọ̀ ni kó jókòó.
Apá tó bá fún un mọ́ra jù, ìhà ni yóò fọ́ fún un.

Ọjọ́ tí kirénì gbé e sókè,
omi ń kán lára rẹ̀, gbogbo etídò dákẹ́.
Ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Apá ọ̀tún gbà á.
Apá òsì fi ìka mẹ́ta jìnnà sí i.
"Ojú ni bàbá mi fi kàn án," ni Máfimísẹ̀bi wí,
"ojú ọ̀tún ló sì fi ń ríran."
Mo ká rọ́bà táyà sí ọ̀nà mẹ́rin, mo fi dí àlàfo náà.

Ìyá rẹ̀ kò bá wa lọ.
Ó ní ọkọ̀ ni ẹ wá gbé, ẹ gbé ọkọ̀.
Mo wò ó lẹ́nu ọ̀nà, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ nínú omi.
Mi ò mọ igi tí wọ́n fi ń kan ti irú èyí.

Òkìtìpupa. Ọ̀rẹ̀. Kòtò lórí kòtò.
Ẹ̀yìn tírélà ni mo jókòó sí, tí mo ń gbọ́ bí igi ṣe ń ráhùn.
Ọlọ́pàá dá wa dúró: kí lẹ gbé?
Ọkọ̀ ni.
Mo ní kí lẹ gbé sínú ọkọ̀?
Ọkọ̀ ni, ọ̀gá.
Ó tan iná sí i lókè, ó wò ó títí,
ó gbàgbé láti béèrè owó.

Ó wà lẹ́yìn ilé ìkókòósí báyìí, lọ́nà Ọ̀rẹ̀.
Adìyẹ kan ti ń yé sínú rẹ̀.
Ọyẹ́ dé, igi sún kì, nọ́ọ̀tì dẹ̀.
Mo gbé sípánà lọ.
Máfimísẹ̀bi ti wà lábẹ́ rẹ̀, fóònù létí:
"Ìyá, omi ti dé ibo?"

Mo di nọ́ọ̀tì kan.
Mo dúró kí obìnrin náà dáhùn
kí n tó di èkejì.