Bàtà Òsì Ọ̀gágun

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi nu bàtà rẹ̀,
èmi Jochim Pagel, ọmọ apẹja létí Òkun Báltíìkì.
Ẹ lọ bi àwọn akọ̀wé Berlin bí ó ṣe jagun;
ohun tí bàtà mọ̀ ni mo mọ̀.

Ti ọ̀tún kò ní ìtàn.
Ti òsì ni mo máa ń ki koríko gbígbẹ sí nímú,
nítorí òtútù ti jẹ ọmọ ìka méjì níbẹ̀
nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún,
tí ó ń ṣọ́ afárá kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà.
Wọ́n ní kó dúró. Ó dúró.
Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí wọ́n tó rántí rẹ̀.
Ibẹ̀ ni ipò ńlá ti bẹ̀rẹ̀:
lára ọmọ tí kò mọ bí a ti ń kúrò.

Wedigo von Krassenhagen!
Orúkọ gùn ju oko baba rẹ̀ lọ.
Ilé tó ń jò, ilẹ̀ iyanrìn tí ànàmọ́ rẹ̀ kò tó ẹyin àdàbà,
ìyá tó ń tún aṣọ ogun baba rán fún ọmọ,
tó ń yí ọrùn rẹ̀ padà kí ibi tó gbó má baà hàn.
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́;
nílé tiwọn, àṣẹ wọ̀ ọ́, ó sì rí àga jókòó.

Kò ga. Ẹ̀rù ẹṣin ń bà á, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ.
Aago ni Ọlọ́run fún un.
Yóò wo máàpù, yóò sọ iye ìṣẹ́jú
tí ẹgbẹ̀rún ọkùnrin yóò fi la igbó páínì já
bí òjò bá rọ̀, bí kò bá rọ̀.
Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ilẹ̀ Prọ́ṣíà,
tí àwọn àgbà ọ̀gágun ń bú u pé ó ń lé màlúù wọn,
Wedigo ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó jókòó láàárín àwọn aláǹtà ẹja,
ó ń ka òpó títí dé Stettin,
ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan.
Ìwé pélébé náà ló jagun.
Mo nu idà rẹ̀ pẹ̀lú; kò rí ẹ̀jẹ̀ rí
àfi ti àtàǹpàkò mi.

Ọdún tí a wọ Bòhémíà. Oṣù Keje.
Ọkà gbó lóko, kò sẹ́ni tó kórè.
Aago méjì òru, ó kọ ọ́ lábẹ́ fìtílà:
kí bàtálíọ̀nù kejì gba afárá ọlọ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo mọ ẹni tó wà nínú bàtálíọ̀nù kejì.
Èmi ni mo hun ìbọ̀sẹ̀ tó wọ̀ lọ.
Kálàmù dúró.
Mo kà á nínú àyà mi, ọ̀kan, èjì,
mo kà á dé mọ́kànlá.
Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìda. Ó ní, "Jochim, kọfí."

A gba afárá náà. A ṣẹ́gun;
agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ ìyẹn fún yín.
Nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi to orúkọ àwọn òkú.
Nígbà tí ó dé lẹ́tà K, kò kọ ọ́ ní ńlá, kò kọ ọ́ ní wẹ́wẹ́:
Krassenhagen, Henning.
Kreplin, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ló tẹ̀lé e.

Adelgunde aya rẹ̀ kò bú u.
Ó kàn ń gbé àwo tirẹ̀ lọ sẹ́bàá fèrèsé.

Ilẹ̀ Faransé dé. Àmì-ẹ̀yẹ dé, àyà kò gbà á mọ́.
Ó fẹ̀yìn tì, ó fi okùn gbin igi ápù
bí ẹni to ọmọ ogun,
ìjì sì ti òkun wá, ó dà wọ́n rú lóru kan.
Mo mú òpó, mo mú okùn. Ó ní, "Fi í sílẹ̀.
Jẹ́ kó wó síbi tó wù ú."
Mo wojú rẹ̀. Kò wo aago.

Nígbà tí ó kú, wọ́n gbé bàtà tuntun ti Berlin wá,
ó ń dán bí ojú omi.
Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun kan.
Kí wọ́n tó kan pósí, mo yọ ti òsì,
mo ki koríko sí i.
Ẹ má pè é ní ìfẹ́.
Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ náà kò pé.