Ta Ló Kàn?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàbà ní Kétu,
láàárín ògbó táyà àti ìgò epo,
a ti ń jà láti àárọ̀, ẹ̀ṣẹ́ kan ò ba ẹnikẹ́ni.

Múfútáù ní Lábíntán ló kàn:
"Ó na márùn-ún, wọ́n gbé mẹ́ta jáde!"
Mo ní àwọn wo ló nà?
Àwọn tí ebi ti nà sílẹ̀ kí ó tó dé.
Àjàní ọmọ Ìlárá ni kẹ́ ẹ fún,
kó lọ bá ará Kútọnu tó di bẹ́líìtì mọ́dìí.
Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kágò kó tó wọlé.
Bó bá fapá bojú, Àkàbà ti tì nìyẹn.

Bàbá Sàká ń lẹ táyà, kò gbójú sókè:
"Àkàbà náà, ṣé ogun ò já a rí ni?"

A dákẹ́ díẹ̀.
Ariwo tún sọ.

Ọkùnrin kan lórí bẹ́ńṣì dìde,
fìlà bò ó lójú,
oríkèé ìka rẹ̀ wú bí kókó ara igi.
Ó san igba fáráǹkì, ó gun ọ̀kadà rẹ̀:
"Ẹ bá mi sọ fún wọn.
Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń kọ̀wé."

Ó kọjá ìkòríta kí Múfútáù tó pariwo:
"Àjàní nìyẹn!"

Èmi tí mo ń gbèjà rẹ̀,
n ò mọ̀ ọ́n lójú.