Ibi Tí Kò Nírun

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàtà súéèdì tí bàbá mi fi sílẹ̀,
ẹrẹ̀ Òkè-Baálẹ̀ gùn ún dọ́rùn.
Mo bu omi.
Ìyá Múínátù olókìríkà pariwo:
"Alápatà ti pa ewúrẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan,
má fomi pa á lẹ́ẹ̀kejì!"

Ó ní kí n gbé e síbòòji, kẹ́rẹ̀ gbẹ, kó rún wómúwómú.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo,
bí ẹni ń ya irun ọmọ tó sùn.
Àtíkè fa epo jáde lára tòsì.

Ó ku ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọ̀tún,
tó pá, tó ń dán:
ibẹ̀ ni bàbá fi ń ti ilẹ̀ mọ́tò
tó bá ń tẹná lọ Ìkìrun.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.
N ò fẹ́ kíbẹ̀ hurun.