Ọwọ́ Tí Kò Dúró

Ní Kafanchan, Málàm Tanimu tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò,
ọ̀rọ̀ kan ló ní: "Má mira!"
Ó sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́, ó sọ ọ́ fún ìyàwó tuntun,
ó sọ ọ́ fún ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ́nà ojà.
Ẹni tó bá mira, fọ́tò rẹ̀ bàjẹ́,
a ó fi di ẹ̀pà.

Lónìí mo dúró ní ibùdó ojú irin Idu, l'Ábújá,
mo gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta,
mo ní kó lajú sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá,
kó má tètè ṣẹ́jú.
Rélùwéè Kàdúná dé.
Òrùlé dúró, òpó dúró,
sójà tó gbé ìbọn dúró bí òpó,
ṣùgbọ́n àwọn èrò di omi.
Híjáàbù kan fà gùn bí ewéko inú odò,
àpótí oníkẹ̀kẹ́ fi ìlà pupa sílẹ̀.
Kò sẹ́ni tó ní ojú. Síbẹ̀ mo mọ ẹni tó ń kánjú,
mo mọ ẹni tí kò wù ú láti délé.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, èmi ni mo máa ń yí.
Habila ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, mo mú un lójú,
ìbàdí mi ń bá a lọ bí ọrùn ológbò tó rí ẹyẹ.
Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, eyín rẹ̀ tó kán hàn,
ayé ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ́ bí òrí nínú oòrùn.
(Nínú ogún, mo sọ mọ́kàndínlógún nù.)

Ọ̀kan wà tí n kò lè sọ nù.
Málàm ló yà á, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá mi kúrò ní Kafanchan.
Rélùwéè ti ń rìn. Bàbá na apá jáde lójú fèrèsé.
Ó mira.
Ọwọ́ rẹ̀ di èéfín, ó di ìyẹ́,
ìka rẹ̀ tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ojú ti Málàm, kò gba kọ́bọ̀.
"Ya ɓaci," ó ti bàjẹ́.
Ìyá mi gbà á, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ la fi síwájú ìwé ìsìnkú:
etí méjèèjì pé, ẹnu pa dé bí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.
Àwọn tó wá kí wa ń bi ara wọn bóyá òun ni.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn,
àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà,
rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó jù ú padà sí i.